Ẹ̀ẹ̀meje Ni Mo Bi Ìyá Rẹ Léèrè

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Ara mi yá, otútù ibí náà sì ti ń dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Bí etí yín bá ṣì gba fóònù ni, ǹ bá ti pè yín láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò jẹ́ kí n fọkàn sí nǹkan mìíràn. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì yọ awò tí ẹ fi ń wo inú aago kúrò lójú.

Ẹ mọ̀ pé yàrá tí a ti ń fọ irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ ni mo wà ní ọsibítù wa. Bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tán, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo ọ̀bẹ, ẹ̀mú àti àlùmọ́gàjí ń bọ̀. A ó fọ̀ wọ́n, a ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi ooru gbígbóná pa kòkòrò ara wọn, a ó sì dì wọ́n padà. Láti oṣù tó kọjá ni àwo irin kan ti ń wá sọ́dọ̀ wa tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Mo bi ọ̀gá mi. Ó ní ti àwọn dókítà ọpọlọ ni, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí àìsàn Alusáímà, àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe Màámi gan-an.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọn yóò lu ihò kéékèèké méjì sí agbárí, wọn yóò ti wáyà tín-ín-rín méjì wọ inú ọpọlọ títí dé ibi tí ìrántí ń gbà kọjá. Wọn yóò fa wáyà náà gba abẹ́ awọ ọrùn wá sí àyà, wọn yóò sì fi bátìrì kékeré kan sí abẹ́ awọ níbẹ̀. Bátìrì yẹn ni yóò máa rán iná díẹ̀díẹ̀ sí ọpọlọ, kí ibi tó ti ń sùn lè jí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti ìgbàgbé ni wọ́n ṣì ń dán wò. Wọn kò pè é ní ìwòsàn o, n kò sì ní purọ́ fún yín.

Nọ́ọ̀sì tó ń bójú tó ìwádìí náà ní àwọn lè gba Màámi bí àìsàn náà kò bá tíì wọra jù. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà yín kó ṣe ìdánwò ìrántí fún wọn, kó sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ ó kọ́kọ́ ronú sí i. Mo mọ ríronú yín, ó lè gba ọdún kan.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé ọwọ́ mi. Mo jókòó, mo yọ awò lójú, mo kà á, mo sì tún fi awò náà sójú padà kí n lè rí i dájú pé ohun tí o kọ ni mo kà. Ihò méjì. Lórí ìyá rẹ.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń tú aago. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni pé aago tó bá ṣì ń rìn, bó tilẹ̀ ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan inú rẹ̀ àfi bí ẹni tó ni ín bá ní kí n tú u. Ìyá rẹ ṣì ń rìn. Lánàá ó fi iyọ̀ sínú tíì mi, mo mu ún, mo ní ó dùn. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, òun ti tọ́ ọ wò. A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá a níta, ó ń bi àwọn tó ń kọjá pé níbo ni ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun wà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà ló dúró sí.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún ọ. Ìyá rẹ kò mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Létí èmi nìkan ni dókítà ti sọ ọ́, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo sọ fún un pé ọjọ́ ogbó ló dé, pé èmi náà ń gbàgbé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń díbọ́n pé mo gbàgbé nǹkan, kó má bàa rò pé òun nìkan ni. Nígbà mìíràn n kì í mọ èyí tí mo díbọ́n àti èyí tí mo gbàgbé lóòótọ́ mọ́.

N ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe pé mo gbà o. Mo kàn fẹ́ kí o rí èsì náà kí o lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni.

Èmi, bàbá rẹ tí kò fi ọdún kan ronú.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ ṣé gan-an tí ẹ gbà láti mú wọn lọ. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí èyí tí ẹ fi pa mọ́ fún ọdún méjì. Màámi tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn yan aṣọ tí wọn yóò wọ̀, àwọn ni ẹ wá ń gbé àìsàn wọn pa mọ́ fún bí ẹni ń gbé àdídùn pa mọ́ fún ọmọdé?

Ó sì ti di dandan kí wọ́n mọ̀ báyìí. Àwọn dókítà ibí kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni tí kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun mọ ohun tó ń ṣe òun, pé òun sì gbà kí wọ́n ṣe é. Ọkọ kò lè gbà fún aya, ọmọ kò sì lè gbà fún ìyá. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ ní Aláríyànjiyàn wọn, bí wọ́n ṣe máa ń pè mí, ń kí wọn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

A ti ṣe ìdánwò. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá dókítà jà.

O mọ yàrá rẹ̀ yẹn, tábìlì tí wọ́n ká bébà sí lábẹ́ ẹsẹ̀ kan kó má bàa mì, àga mẹ́ta, aago ara ògiri tó ti kú láti bí oṣù mẹ́rin, tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí n gbé lọ tún ṣe. Ó bi ìyá rẹ pé ọjọ́ wo la wà. Ìyá rẹ ní, “Dókítà, ṣé ìwọ náà ò mọ̀ ni?” Ó dárúkọ nǹkan mẹ́ta fún un pé kó fi sọ́kàn. Ẹyọ kan ló rántí nígbà tó tún bi í.

Ó wá fún un ní bébà àti pẹ́ńsùlù, ó ní kó ya ojú aago, kó kọ gbogbo nọ́ńbà sí i, kó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ mi, ojú mi là. Ta ló tún ń kun nọ́ńbà ojú aago tó bá ti ṣá fún mi láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ? Ó ya òbìrí kan tí kò wọ́ rárá. Ó kọ nọ́ńbà méjìlá sí i bí ẹni tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́. Dókítà fúnra rẹ̀ ní “Háà!” Ni ìyá rẹ bá fi ọwọ́ kúkúrú sí mẹ́wàá, ó fi ọwọ́ gígùn sí méjì, ó gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà fa igi sí i pé kò gbà á.

Ìwọ tí o dàgbà sínú ṣọ́ọ̀bù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo aago tí a bá gbé síta fún títà, mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa ń fi sí, kí ojú wọn lè fani mọ́ra, kí ọwọ́ wọn má sì bo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lókè. Iṣẹ́ ìyá rẹ ni láràárọ̀ tí a bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo sọ fún dókítà pé kì í ṣe àìsàn ló ya aago yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí òun sọ ni mọ́kànlá, òun kò sì lè fún un ní máàkì ohun tí òun kò bèèrè. Mo ní, “Dókítà, ẹni tí aago ara ògiri rẹ̀ kú láti oṣù mẹ́rin kọ́ ló máa kọ́ wa ní aago!” Ìyá rẹ ní kí n má ba òun lórúkọ jẹ́ níta.

Máàkì méjì péré ló fi dín sí ohun tí àwọn ará ọ̀dọ̀ rẹ ń fẹ́. Mo rò pé inú mi yóò dùn, pé ọ̀rọ̀ ihò orí ti parí. Inú mi kò dùn. Láti ìgbà tí a ti délé ni mo ti ń ṣe bí ẹni tó pàdánù nǹkan, ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé mo ti ń retí rẹ̀. Bébà tó ya aago sí nìyí, mo gbà á lọ́wọ́ dókítà. Fi han àwọn tó bá mọ iṣẹ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ bá mi yọ̀. Mo mú aago Màámi lọ bá nọ́ọ̀sì, mo ṣàlàyé. Ó gbé e lọ bá dókítà àgbà. Dókítà àgbà wò ó títí, ó wo aago ọwọ́ tí wọ́n polówó sẹ́yìn ìwé ìròyìn tó wà níwájú rẹ̀, ó rí i pé mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ti kọ̀wé sí dókítà yín pé kó fi nǹkan mìíràn rọ́pò aago nínú ìdánwò náà, èsì tuntun sì ti dé. Wọ́n gba Màámi!

Ó ku ohun kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ, wọn yóò bá Màámi sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà yín, lójúkojú lórí ẹ̀rọ, wọn yóò sì bi wọ́n bóyá wọ́n gbà láti wá síbí fún iṣẹ́ abẹ náà. Kí ẹ ti máa bá wọn sọ ọ́ láti ìsinsìnyí, kí ó má bàa bá wọn lójijì. Ìwé àlàyé ìwádìí náà ti wà lọ́dọ̀ dókítà yín.

Bàbá mi, ẹ fojú inú wo Màámi bí wọ́n ṣe dúró létí ẹnu ọ̀nà mi níbí, tí wọ́n ń sọ pé ilé mi ò mọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ìwọ ọmọ yìí,

Dókítà túmọ̀ ìwé àlàyé náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹfà, mo ní kó tún un kà.

Gbogbo ènìyàn ni wọn yóò lu ihò sí lórí. Gbogbo ènìyàn ni wọn yóò ki wáyà sí. Ṣùgbọ́n ìdajì wọn, wọn kò ní tan bátìrì wọn títí ọdún kan yóò fi pé. Aláìsàn kò ní mọ̀, ẹbí rẹ̀ kò ní mọ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀. O mọ̀ nípa èyí. Bí irin kan ṣoṣo bá dín nínú àwo iṣẹ́ rẹ, o máa mọ̀. Odindi ojú ìwé kan ló wá fò ọ́?

Ṣé o mọ ohun tí ọdún kan jẹ́ nínú ilé yìí? Ìwọ̀yí ọdún tó kọjá, ìyá rẹ ló ń fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ, èmi ló máa ń rán lọ ra sítáǹpù. Lónìí ó pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. O wá ní kó lo ọdún kan nílẹ̀ àjòjì pẹ̀lú bátìrì òkú láyà, kí èmi máa wo ojú rẹ̀ láràárọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Inú ń bí mi. N kò ní kọ̀wé mọ́ títí yóò fi rọ̀.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ nípa ojú ìwé kẹfà, mo sì fò ó. Ẹ̀rù bà mí pé bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó kọ̀. Kò dára, ẹ dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ìrètí nìkan máa ń mú ara àwọn mìíràn yá fún ìgbà díẹ̀. Bí wọ́n bá tan ti gbogbo ènìyàn, wọn kò ní mọ̀ bóyá iná ló ṣiṣẹ́ tàbí ìrètí. Nígbà tí ọdún kan bá pé, wọn yóò tan ti gbogbo wọn. Ìdajì ni tiwa, Bàbá mi. Ìdajì sàn ju kí a jókòó máa wò.

Ọdún mẹ́fà ni n kò fi ojú kan Màámi. Bí mo bá ń ka irin nínú àwo yẹn, mo máa ń rò ó pé ó yẹ kó jẹ́ pé mo wúlò fún wọn lọ́nà kan. Ẹ kọ̀wé sí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ìwé yín kò dé. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé Màámi wà dáadáa? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn? Oṣù Kẹjọ ti ń sún mọ́lé, nọ́ọ̀sì sì ń bi mí lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìlà kan péré náà tó.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Inú mi ti rọ̀ tipẹ́. Kì í ṣe ìbínú ló dá ọwọ́ mi dúró. N kò mọ bí n ó ṣe kọ ọ́ ni.

Mo ti sọ fún ìyá rẹ. Mo mú un jókòó sídìí fèrèsé ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ yá, mo dárúkọ àìsàn náà fún un, mo sọ ibi tí yóò já sí. Ó bi mí pé, “Ṣé màá gbàgbé ìwọ náà?” Mo ní ó ṣeé ṣe. Ó sunkún, ọmọ mi, n kò tíì gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ti wáyà, àti ti ọdún kan. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì mo ní, “Ọ̀rọ̀ tí a sọ lánàá yẹn.” Ó ní, “Ọ̀rọ̀ wo?”

Mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹkún kan náà ló sun, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan náà. Lọ́jọ́ yẹn ó ní kò sẹ́ni tí yóò dá orí òun lu. Mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wojú mi, ó ní bí èmi bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe é. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó bi mí pé ta ló mú ọ̀rọ̀ náà wá, mo ní ìwọ ni, ó ní ọmọ òun kò lè pe òun síbi tí kò dára, òun gbà. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo jẹ́wọ́ fún un pé ó ti pé ọdún méjì tí mo ti mọ̀. Ó ju kọ́ọ̀bù lù mí, ó ní òun kò lọ síbì kankan pẹ̀lú òpùrọ́. Ó tọ́ sí mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà èmi ni mo bú sẹ́kún kí n tó sọ ọ́ tán. Òun ló gbá mi mọ́ra, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ó ní òun á ṣe é, kí n ṣáà dákẹ́.

Ẹ̀ẹ̀keje ló tán mi lókun. Ó ní rárá, ó sì wọlé lọ sùn. Nígbà tó jí, ó ti gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀. Ó ń rìn kiri inú ilé, ó ń bi mí pé, “Ta ló kú? Má fi pa mọ́ fún mi, ta ló kú?” Bó ṣe ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo bi ìyá rẹ léèrè, ẹ̀ẹ̀meje ló gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àkọ́gbọ́. Ìgbà mẹ́rin ló gbà, ìgbà mẹ́ta ló kọ̀. Bí dókítà bá bi í ní oṣù Kẹjọ, èyí tó bá bọ́ sí ọjọ́ yẹn ni yóò gbọ́. Èwo nínú àwọn méje yẹn ni ìyá rẹ? Bí o bá mọ̀ ọ́n, sọ fún mi. Ṣùgbọ́n má ní kí n tún sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje

Bàbá mi,

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìwé yín, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sí bébà. Mo kọ ọ́ pé kí ẹ mú wọn lọ ní ọjọ́ tí ara wọn bá yá, kí wọ́n sọ pé àwọn gbà, kí a fọwọ́ sí i kíákíá. Mo dì í, mo mú un lọ síbi iṣẹ́ kí n lè fi ránṣẹ́ bí mo bá ń lọ sílé.

Àwo irin yẹn dé lọ́jọ́ náà. Mo ń kà wọ́n bí mo ti máa ń ṣe, mo dé orí èyí tí wọ́n fi ń lu ihò, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣì kù lára rẹ̀ tí omi àkọ́kọ́ kò mú kúrò. Mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá mi bi mí bóyá ó rẹ̀ mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fa ìwé náà ya.

N kò mọ èwo nínú méje ni Màámi. N kò ní tì yín mọ́. Àmọ́ n kò fẹ́ kí ó jẹ́ èmi tàbí ẹ̀yin ni yóò dáhùn fún wọn. Bí wọ́n bá lè kọ ọ́ fúnra wọn, lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ohun tó bá wà nínú ìwé yẹn ni n ó fi lé dókítà lọ́wọ́. Ohun tí mo bẹ̀ yín nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ ní kò sí ẹ̀ẹ̀kejọ. Ẹ dárí jì mí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Èyí tó tẹ̀lé èyí, ìyá rẹ ló kọ ọ́. Ó gbà á ní wákàtí mẹ́ta. N kò tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbẹ̀, n kò sì sọ ohun tí yóò kọ fún un.

Aláríyànjiyàn mi,

Mi ò kọ ọjọ́ sí i, bàbá ẹ ní òun ti kọ ọ́ sókè. Ó ní kí n yára kọ ọ́ kó tó sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ó ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi. Ó ní mo ti gbà rí, mo sì ti kọ̀ rí, ẹ̀ẹ̀meje. Mo ní ṣé èmi náà ni olórí burúkú tí ò mọ ohun tó fẹ́ yẹn? Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ń sunkún. Bàbá ẹ ti di ẹlẹ́kún. Ìgbà tó ń tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi, kò sunkún tó báyìí.

Mo bi í pé tí wọ́n bá ń ṣe é, ṣé o máa wà níbẹ̀ kí o di ọwọ́ mi mú. Ó ní rárá, o máa wà nísàlẹ̀ nínú yàrá tí ẹ ti ń fọ irin. Mo rò ó. Mi ò fẹ́ kí o fọ irin tí wọ́n fi lu orí mi. Mi ò fẹ́ kí o kà á bóyá ó pé. Ọmọ tí mo bí ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí mi.

Ó ní wọ́n lè má tan iná ẹ̀ fún ọdún kan. Mi ò ní ọdún kan tí mo lè yá àwọn dókítà. Tí ó bá jẹ́ pé ó dájú, ǹ bá gbà, èmi kì í ṣe ojo. Sọ fún wọn pé mo kí wọn, pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe dára, kí wọ́n má dáwọ́ dúró nítorí àwọn ẹlòmíì. Rárá ni mo sọ. Tí mo bá sọ nǹkan míì lọ́la, èyí ni kí ẹ mú.

Bàbá ẹ ní ọdún mẹ́fà lo ti lọ. Mo rò pé méjì ni. Tí o bá fẹ́ ṣe nǹkan kan fún mi, wá sílé. Wá nígbà tí mo ṣì lè bá ẹ jiyàn. Má jẹ́ kí ó dìgbà tí o máa dúró níwájú mi kí o máa sọ ẹni tí o jẹ́ fún mi.

Ìyá ẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Mo ti fi ìwé Màámi lé dókítà àgbà lọ́wọ́, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti gbọ́, àwọn kò ní pè wọ́n mọ́, kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, n kò ní tan yín. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún mẹ́fà yìí, kò sí ìwé Màámi tí mo tíì gbọ́ ohùn wọn nínú rẹ̀ tó èyí.

Mo ń bọ̀. Mo gba àyè oṣù mẹ́rin níbi iṣẹ́, bí kò bá sì tó, wọn yóò wá ẹlòmíràn. Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án ni n ó dé. Ẹ má tíì sọ fún Màámi o. Ohun tí ẹ fojú rí kò kéré, n kò fẹ́ kí ẹ tún máa sọ ohun kan náà lásọtúnsọ. Ẹ dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí n ó dé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

O ní kí n má sọ fún un. Mo ti sọ fún un.

N kò lè pa á mọ́ra. Bí mo ti ka ìwé rẹ tán ni mo ké sí i pé ọmọ wa ń bọ̀. Ó dìde fùú, ó pàtẹ́wọ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní àfi kí n bá òun jó, èmi tí orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́. A jó yí tábìlì ká. Ó ní ilé ò mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó ń kọrin lábẹ́ ohùn títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, ó ní òun ò mọ̀, inú òun kàn ń dùn ni.

Ní ọjọ́ kejì mo tún sọ fún un. Ó dìde fùú, ó pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi, òní ló di ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tí mo sọ fún un pé o ń bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí àkọ́gbọ́. Mo ti fi òróró pa orúnkún.

Máa bọ̀ kíákíá. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó ti jí. Jẹ́ kí n lọ sọ fún un.

Bàbá rẹ.